Ewúrẹ́ Tí Wọ́n Dá Padà Láti Ọ̀kà

Ní ọjọ́ tí a sin àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa dìde láti sọ̀rọ̀ nípa olóògbé, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló sì kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní olóògbé ìbá ti di ọ̀gá pátápátá nínú ọkọ̀ òkun, gbogbo wa ìbá sì ti jẹun níbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti obìnrin kan nínú ilé tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ̀ mí kò wo apá ibi tí mo wà. Àwọn tí kò mọ̀ mí bi ẹni tó jókòó tì wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n wá wò mí. Mo gbá ọwọ́ àga mú láti dìde. Mo tún jókòó.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríwèé kà, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n. Ìṣirò àti físíìsì ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkàrẹ́, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn kan lè wà lórí pátákó fún ìgbà pípẹ́, kí gbogbo kíláàsì ti dà á kọ, kó má sì tọ̀nà. Ìdáhùn tí ìdílé mi dà kọ nípa ìwé-ẹ̀rí àbúrò mi kò tọ̀nà. Mo fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan náà ló bí wa, èmi obìnrin ni ẹ̀gbọ́n, òun ọkùnrin ni àbúrò. Èmi ni ìwé yé. Òun gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tó di olórí ìdílé lẹ́yìn ikú bàbá wa, kò dárí èyí jì mí. Bí mo bá lọ kí i tí ìwé wà lọ́wọ́ mi, á ní, "Tíṣà, orí tó yẹ kó wà lọ́rùn àbúrò rẹ lo gbé rù yẹn. Rọra máa gbé e o." Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín nílé wa ni wọ́n tún máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la.

Ní Èkó, àbúrò mi ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ òkun, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Epo ló kọ́kọ́ ń fi pa ẹ̀rọ lára. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e ga díẹ̀. Ó máa ń wálé pẹ̀lú bàtà tó ń dán àti bẹ́líìtì tó fẹ̀, gbogbo àdúgbò a sì máa kí i ní Ẹnjiníà. Èmi àti òun nìkan la mọ̀ pé kò tíì dé ibẹ̀. Nínú ọkọ̀ òkun, wọn kì í fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ẹnì kan láti máa ṣọ́ àfi bí ìjọba bá ti dán an wò tí wọ́n sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Bí o bá lo ogún ọdún lórí omi láìní ìwé yẹn, ẹni tó ní in ni wàá máa gbé irin fún, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tí o lè bí.

Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀, ó wá bá mi ní Ìkàrẹ́ pẹ̀lú àpótí kan. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ní ọkọ̀ kan tí yóò gbéra láìpẹ́, àyè ẹnjiníà kékeré kan sì wà níbẹ̀ fún òun bí òun bá lè gba ìwé náà kí ọkọ̀ tó lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn. Ìdánwò àkọsílẹ̀ wà, èyí tó jẹ́ ìṣirò àti ọ̀rọ̀ ooru àti agbára. Ìdánwò ẹnu sì wà, níbi tí ẹni tó ti gbó sórí òkun á ti jókòó síwájú rẹ, tí á máa bi ọ́ ní ohun tí wàá ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́.

"Àǹtí, ti àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi kọjá," ó wí.

"Ti ẹnu ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ṣé ẹnu ló wọ́n yín ni?"

Ó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn ilé mi, ilẹ̀ símẹ́ńtì kan wà tí a máa ń sá èlùbọ́ sí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ìsàlẹ̀ ọkọ̀ sórí rẹ̀: ibi tí ẹ́ńjìnnì dúró sí, ibi tí àkàsọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ibi tí bọ́ílà wà. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá gbé àga sí etí ibẹ̀, òun á sì dúró láàárín àwọn ìlà náà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, bí ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì kì í tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Á yí i po lọ sídìí kànga, á ní òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń dánni wò kì í fò. Bọ́ílà ni ìkòkò irin ńlá tí omi ti ń hó nínú ọkọ̀. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ níta, inú rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti ń rí ibi tí omi dé.

"O wo gíláàsì," mo ní, "o kò rí etí omi nínú rẹ̀ mọ́. Kí lo máa ṣe?"

"Màá ṣí omi sí i."

"O ti pa gbogbo wa."

"Àǹtí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

"Bọ́ílà ló bẹ̀rẹ̀, èmi kọ́."

Ohun tí kò tètè yé e ni pé gíláàsì tó kún dé òkè àti gíláàsì tí kò ní omi rárá, bákan náà ni wọ́n rí lójú. Bí bọ́ílà bá ti gbẹ, tí irin rẹ̀ ti pọ́n, tí o wá da omi tútù sí i, yóò bẹ́. O ní láti kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ni. Mo wá ìgò oògùn méjì, mo pọn omi kún ọ̀kan dé ẹnu, mo fi èkejì sílẹ̀ lófìfo, mo dé àwọn méjèèjì, mo gbé wọn sójú fèrèsé, mo ní kó dúró sí ìdí kànga kó sọ èyí tó ní omi. Ó nàka sí èyí tó ṣófo. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ló yẹ kó wọkọ̀," ó ní.

"Bí wọ́n bá ń gba obìnrin ni, ǹ bá ti lọ tipẹ́."

N kì í purọ́: inú mi dùn ní oṣù mẹ́ta yẹn ju bó ti dùn rí lọ. Ó ń sọ ìtàn fún mi bí mo ṣe ń ṣe máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Inú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa ọkọ̀ tí òun ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, bí àwọn tó ni ín ṣe ń bá ara wọn jà, tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà Èkó láìlọ síbì kankan. Wọ́n ń fi ìwọ̀ pẹja láti orí rẹ̀. Wọ́n ń se iṣu. Ẹ́ńjìnnì tutù bí òkúta, ẹyẹ sì kọ́lé sórí òpó ọkọ̀. Ó sọ ọ́ bí àwàdà, èmi náà sì rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ó gbé fọ́ọ̀mù ìdánwò síwájú mi pé kí n bá òun kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ òun kò dára. Mo kọ àdírẹ́sì ilé-ìwé mi síbẹ̀ kí lẹ́tà lè rí wa. Mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè iye oṣù tí ó ti fi bá ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí ṣọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun. Bí kò bá pé méjìdínlógún, wọn kò ní jẹ́ kó jókòó ṣe ìdánwò. Ìwé òkun rẹ̀, tí wọ́n ń kọ oṣù tó lò nínú ọkọ̀ sí, wà níwájú mi, oṣù méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Mo wo orúkọ ọkọ̀ náà.

"Ṣé ọkọ̀ tí ẹ fi ń pẹja kọ́ nìyí?"

"Òun ni."

"Oṣù mélòó ló rìn?"

"Ó tó márùn-ún."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Inú ọkọ̀ ni mo wà, Àǹtí. N kò sùn sílé. Ẹni tó lọ oko tí òjò kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ṣé kò lọ oko ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ìyẹn ló sì burú nípa rẹ̀. Èmi tí mo máa ń fagi lé iṣẹ́ ọmọ nítorí pé ó fo ìlà kan, mo wo ojú rẹ̀, mo ro ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra, mo ro ẹ̀gbọ́n bàbá wa àti orí tó ní mo gbé rù. Mo kọ méjìdínlógún. Àbúrò mi fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, a sì fi í ránṣẹ́ sí Èkó.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé ọ̀gá tí yóò dán an wò lẹ́nu jẹ́ ọmọ Ọ̀kà, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí wa. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ẹnjiníà nínú ọkọ̀ tó ń lọ òkè òkun kí ìjọba tó fi í sí ọ́fíìsì ní Èkó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ó já àbúrò ìyàwó ara rẹ̀ kulẹ̀ nínú ìdánwò, ó sì lọ jẹun nílé àna rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Mo rò pé ìtàn yìí máa kó àwọn ará ilé wa láyà jẹ. Inú wọn ló dùn.

"Ọmọ Ọ̀kà ni?" ẹ̀gbọ́n bàbá wa béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọ̀kà tó wà níbí yìí? Tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé?"

"Ẹ má lọ síbẹ̀, Bàbá. Ọkùnrin yẹn kì í gba nǹkan."

"Ta ló sọ pé a fẹ́ fún un ní nǹkan? Ìyá rẹ̀ la fẹ́ kí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a kí ìyá arúgbó, tíṣà?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ilé wa. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, o kò ní lọ bá ẹni náà. Ìyá rẹ̀ ni wàá lọ kí. O kò ní dárúkọ ọ̀rọ̀ ọmọ títí wàá fi jẹun tán. Ìgbà tí o bá ti dìde láti máa lọ, tí o ti ń wá bàtà, ni wàá tó sọ ọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Àwọn àgbà ilé wa ti fi ọgbọ́n yìí gba ilẹ̀, wọ́n ti fi gba ìyàwó, wọ́n ti fi gba ọmọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kò rí ìdí tí wọn kò fi ní fi gba ìwé-ẹ̀rí.

Wọ́n lọ ní Sátidé láìsọ fún mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá wa ló ròyìn fún mi níta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, tayọ̀tayọ̀. Ewúrẹ́ dúdú kan, tí wọ́n rà ní Arigidi, àti iṣu ogún. Ó ní, "Ìyá ń sọ èdè Ọ̀kà, bàbá yín ń sọ ti Ìkàrẹ́, ṣùgbọ́n àdúrà tó gbà, kò sí ẹni tí kò yé. Ó ní ọmọ wa ti di ọmọ òun." Mo lọ bá àbúrò mi nílé. Ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì, ó ń tún ìlà bọ́ílà rẹ̀ fà.

"Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lọ?"

Kò gbójú sókè. "Àwọn àgbà ni, Àǹtí. Ta ni mo jẹ́ tí màá dí wọn lọ́nà?"

Ní Mọ́ńdè, mo wà ní kíláàsì nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí wọ́n ń wo ìta. Ọkọ̀ Pijó kan dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ewúrẹ́ sì ń ké nínú búùtù rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ga, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá Ọ̀kà náà ni, ó wá kí ìyá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ló yẹ kó gbà láti Ọ̀kà padà sí Èkó. Ó yí ọkọ̀ padà wá sí Ìkàrẹ́ nítorí pé àdírẹ́sì ilé-ìwé mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù.

A dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá físíìsì. Ó kí mi dáadáa.

"Ewúrẹ́ kan wà nínú ọkọ̀ mi. Màmá mi ní àwọn ará Ìkàrẹ́ kan ló mú un wá, nítorí ọmọ wọn kan tí mo fẹ́ dán wò. Ṣé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

"Mo mọ̀ nípa rẹ̀, sà. Àbúrò mi ni. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má lọ, wọ́n lọ."

Ó mi orí. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́. Ẹ bá mi dá a padà fún wọn. Ẹ ní mo dúpẹ́ ti iṣu, màmá mi ti gún un." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "N kò ní torí ewúrẹ́ bínú sí i. Ohun tí àwọn àgbà máa ń ṣe ni wọ́n ṣe. Yóò jókòó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí nínú ìdílé wa dúró níbí yìí, kó tún un kà. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ parí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Òtítọ́ tí mo sọ ló parí rẹ̀.

Ó wá fa fọ́ọ̀mù náà yọ láti inú báàgì rẹ̀.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Ọwọ́ yín dára. Tàwọn tó ń kọ ọ́ fúnra wọn, ó máa ń ṣòro láti kà." Ó fi ìka sórí nọ́ńbà náà. "Oṣù méjìdínlógún yìí, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ewúrẹ́ ń ké. Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òtítọ́ kan tán, ara mi sì balẹ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni tó ti san ohun tó jẹ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo ní.

Ó dúró díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó ń wò mí. Èmi náà máa ń dúró bẹ́ẹ̀ de ọmọ tó ti dáhùn, kó lè rí àyè láti tún un rò. N kò tún nǹkan kan rò. Ó dúpẹ́, ó pa fọ́ọ̀mù dé, dírẹ́bà rẹ̀ sì fa ewúrẹ́ lé mi lọ́wọ́.

Èmi tí mo ti lọ yunifásítì, pẹ̀lú bàtà gogoro àti ṣọ́ọ̀kì lára aṣọ, mo fa ewúrẹ́ la ìlú Ìkàrẹ́ já lọ́sàn-án gangan. Àwọn obìnrin ń kí mi pé mo kú ọjà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ó wo ewúrẹ́, ó wò mí.

"Kí lo bá a sọ?"

"Ó bi mí, mo dá a lóhùn."

"O dá a lóhùn," ó wí. Ó gba okùn ewúrẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àbúrò mi lọ sí Èkó. Ó yege nínú àkọsílẹ̀. Mo mọ̀ pé yóò yege. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ti ẹnu ló padà dé. Òjò ti rọ̀ nígbà tí kò sí nílé, ó ti fọ èyí tó pọ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí àga mi, ó sì rò fún mi bó ṣe lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó rò ó fún ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Ó ní ọ̀gá Ọ̀kà bi òun nípa gíláàsì bọ́ílà, òun sì dáhùn láìkọsẹ̀, títí dé orí ìgò oògùn méjì. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ ọ. Àbúrò mi ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá bi í pé, nínú oṣù méjìdínlógún, mélòó ló fi dúró ní ìṣọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ní gbogbo rẹ̀ ni. Ọ̀gá náà dìde, ó ṣí kọ́tíìnì.

"Wo ìta. Ọkọ̀ wo nìyẹn?"

Ọkọ̀ náà ni. Wọ́n ṣì so ó mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà, ó ti dípẹtà, ẹyẹ sì wà lórí òpó rẹ̀.

"Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wò ó láti orí àga yìí," ọ̀gá náà wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó purọ́ lórí ìwé ìjọba. Ọdún márùn-ún ni wọn kò fi ní jẹ́ kó jókòó fún ìdánwò kankan mọ́. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n dá a dúró. Ọkọ̀ tó yẹ kó bá lọ gbéra láìsí òun.

Ní ọjọ́ tí ìdílé pè é kó wá ròyìn, mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Wọn kò fún mi." Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó parí ọ̀rọ̀ fún un.

"Ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ tí tíṣà lọ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un. Ta ló ní kó jẹ́wọ́? Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni?"

Mo wo àbúrò mi pé kó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo la ẹnu, mo sì rí i pé bí mo bá ní kì í ṣe ewúrẹ́, wọ́n á béèrè ohun tó jẹ́. Tíṣà tó kọ irọ́ sórí fọ́ọ̀mù ìjọba lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Ẹnu tí wọ́n ní kò ní ìlẹ̀kùn, èmi fúnra mi ni mo tì í lọ́jọ́ náà, n kò sì ṣí i mọ́.

Wọn kò pa ewúrẹ́ náà. Ó bímọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tún bímọ. Sátífíkéètì ni wọ́n sọ ọ́. Bí ó bá wọ ibi tí wọ́n sá èlùbọ́ sí, wọ́n á kígbe pé, "Ẹ bá wa lé Sátífíkéètì kúrò níbẹ̀," wọ́n á sì wo ibi tí mo jókòó sí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kí mi kú oríire. Ó ní orí yẹn mà ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, àbúrò mi kò padà sí Èkó. Àwọn ọkọ̀ tó mọ̀ ti dínkù, àwọn ọmọ tuntun sì ti gba àyè. Ó ti fẹ́yàwó ní Ọ̀kà, ó ń gbé ibẹ̀ nítorí pé ní Ìkàrẹ́ wọ́n ṣì ń pè é ní Ẹnjiníà pẹ̀lú ẹ̀rín lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti gbágùúdá ló ń tún ṣe, láti Ọ̀kà dé Arigidi, dé Afìn. Wọ́n ní bó bá gbé etí lé ẹ̀rọ kan, á sọ ohun tó ń ṣe é kó tó tú u. A máa ń kí ara wa ní Kérésìmesì. Ó máa ń pè mí ní Àǹtí, ó máa ń fún mi ní iṣu tó dára jù. Láàárín ogójì ọdún ó lé, kò dárúkọ fọ́ọ̀mù náà sí mi létí, kò sì gbèjà mi nígbà kankan tí wọ́n bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bínú sí i fún ìyẹn. Mo bínú sí i títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá Ọ̀kà. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó ti darúgbó gan-an, ó ń gbé ní ilé tó kọ́ sí ibi tí ilé ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà. Ó mọ̀ mí. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa fún un lẹ́nu ọ̀nà yàrá físíìsì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti mọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ọkọ̀ yẹn wà lójú fèrèsé mi."

"Kí ló dé tí ẹ fi bi mí, sà?"

"Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ kó tó dé iwájú mi. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù tí kò pé lásán ni ì bá jẹ́. Ǹ bá dá a padà, kí n ní kó lọ parí oṣù rẹ̀ lórí òkun, kó padà wá. Ọmọ náà gbọ́n. Ọdún kan péré ni ì bá fi pẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi tó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe mọ́."

"Ẹ kò bi mí lẹ́ẹ̀kejì."

"Ṣé ẹ̀yin máa ń bi àwọn ọmọ yín lẹ́ẹ̀kejì?"

"Mo máa ń bi wọ́n, sà. Nígbà mìíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ó yí ojú sí ìta. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ó dán mi wò láìsọ fún mi pé ìdánwò ni, ó já mi kulẹ̀, ó sì kọ máàkì mi sórí ẹlòmíràn. N kò dárí rẹ̀ jì í. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé ìbéèrè náà kò yé mi.

Láti ibẹ̀, mo yà sọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi. Ó ti ń to ẹrù olóògbé. Ó gbé àpòòwé kan lé mi lọ́wọ́, ó ní abẹ́ aṣọ nínú àpótí òkun rẹ̀ ló wà, ọkọ òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, òun kò sì mọ ìwé kà. Fọ́ọ̀mù náà ni. Ọ́fíìsì ti dá a padà fún un nígbà náà. Ìlà pupa kan wà lábẹ́ méjìdínlógún. Ó ti ká a sí mẹ́rin, ojú ibi tó ká ti fẹ́ ya.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ewúrẹ́ yẹn, èyí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá ti tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀gbọ́n bàbá wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kó ní, "Ọwọ́ ta nìyí?" Iṣẹ́ mi ì bá ti lọ, àánú òun ì bá sì ti ṣe wọ́n. Ó pa á mọ́. N kò mọ̀ bóyá ó ń bò mí láṣìírí ni, tàbí ó fẹ́ kí n máa rò ó nínú ara mi bí òun náà ṣe ń rò ó. Ó ti kú, n kò lè bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ìpàdé ìdílé yóò wà ní Sátidé tó ń bọ̀ nílé ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí ọmọ rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú jókòó sí àyè rẹ̀ báyìí. Fọ́ọ̀mù náà, tí èmi náà ti pa mọ́ fún ọdún méjì, wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Màá mú un dání. Gbogbo wọn ló mọ ọwọ́ mi; èmi ni mo kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní ìwé kíkọ.